Ta ló ni ọkọ̀ onígi tá a ti pààrọ̀ ìdajì pákó ẹ̀?

Káfíńtà_Thames (Sátidé, 8:12 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ará ibí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mọ́tò àti jẹnẹrétọ̀ la máa ń bá ara wa sọ níbí ṣùgbọ́n ẹ fọwọ́ wọ́nú fún mi lónìí.

Káfíńtà ni mí láti ilé. Òndó ni mo ti kọ́ṣẹ́, ọdún márùn-ún gbáko lẹ́sẹ̀ ọ̀gá mi kí wọ́n tó ṣe fúrídọ̀mù fún mi, ìlẹ̀kùn, wọ́dúróòbù, pósí nígbà míì tọ́jà bá dá. Nígbà tí mo dé London, kíṣìnì ni mò ń kàn fáwọn èèyàn títí ó fi sú mi. Ó ti ń lọ sí ọdún méjì báyìí tí mo ríṣẹ́ sí yáàdì kan létí odò Thames, lápá òkè Teddington, ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi onígi àtijọ́ ṣe. Kì í ṣe ọkọ̀ apẹja o, ọkọ̀ ìgbafẹ́ elẹ́ńjìnnì ni, irú èyí tí àwọn dókítà àti lọ́yà ilẹ̀ yìí máa ń rà kí ogun Hitler tó dé, ó ní yàrá, ó ní ibi ìdáná, ó ní ilé ìyàgbẹ́ tó jẹ́ pé ẹ̀yìn lo máa fi wọ̀ ọ́, gbogbo ẹ̀ igi, fáníìṣì ẹ̀ á máa dán débi pé o lè fá irùngbọ̀n níwájú ẹ̀.

Èyí tó wà nílẹ̀ báyìí, 1936 ni wọ́n kàn án, gígùn ẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 38. Ilé iṣẹ́ tó kàn án ti kógbá sílé tipẹ́, kò sí ìwé, kò sí dírọ́ọ̀ǹgì. A ti yọ pákó 23, egungun ìhà tó ti kán lé ní 30, ìdí ọkọ̀ gan-an, ìyẹn igi gbọọrọ tí gbogbo ẹ̀ jókòó lé, ti jẹrà lápá ẹ̀yìn. Ọ̀gá mi, bàbá òyìnbó kan tó ti wà nídìí iṣẹ́ yìí láti ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wá ní ká lọ fi "ai-ró-ko" ṣe ìdí tuntun. Mo ní kí lẹ pè é? Ó tún un pè. Mo tẹ̀ lé e dé ibi tí wọ́n to pákó sí, mo gbóòórùn ẹ̀ kí n tó rí i pàápàá, ìrókò ni! Ìrókò ilé wa, tí ìyá ìyá mi ò jẹ́ ká ṣeré lábẹ́ ẹ̀ tílẹ̀ bá ti ń ṣú. Mo sọ fún bàbá pé orúkọ Yorùbá lẹ ń pè yẹn, wọ́n ní àádọ́ta ọdún làwọn ti ń pè é àwọn ò mọ̀ pé ó nílùú tó ti wá. Lọ́jọ́ kejì wọ́n nawọ́ sí òpó tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́ nínú omi, wọ́n ní kí lèmi ń pe ìyẹn, "o-pí-pi". Ọ̀pẹ̀pẹ̀ ni o. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ó dáa, ohun tí mo wá bi yín nìyí. Apá òsì ọkọ̀ yìí, pákó kẹfà láti òkè, ó fi bí ìka kan fẹ̀ ju ẹnìkejì ẹ̀ lápá ọ̀tún lọ. Ẹni tó kàn án ní 1936 ṣi ìwọ̀n mú, ó wá fi ọ̀dà bò ó, láti ọjọ́ yẹn kò sẹ́ni tó rí i. Èmi fẹ́ kí tuntun dọ́gba. Ọ̀gá mi ní rárá, ní ká kàn án bó ṣe wà, pé tá a bá tún àṣìṣe yẹn ṣe, ọkọ̀ wa ló dà yẹn, kì í ṣe ọkọ̀ ẹni tó kàn án mọ́. Mo ní ìdajì pákó ẹ̀ la ti gé sínú iná, ti ta wá ni tẹ́lẹ̀? Láti Túsìdeè la ti wà lórí ẹ̀. Ẹ dá sí i.

Kòkàn_mí (8:31 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ kẹta rèé tá ò rí iná ládùúgbò mi, ẹ wá ń bi mí nípa pákó kẹfà ọkọ̀ fàájì òyìnbó. Ẹ ra fáíbà, ẹ fi lẹ gbogbo ara ẹ̀, ẹ kùn ún, ẹ gbowó yín. Ta ni yóò gbé tépù wọnú odò wá wọn pákó.

Mo_kàn_ń_bi_ni (8:40 alẹ́)

Kòkàn_mí o ò dáa 😂 ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ bi yín lóòótọ́ o, kí ló burú nínú fáíbà yẹn? Ọkọ̀ tí mò ń wọ̀ láti Ìkòròdú lọ sí Fálomo, fáíbà ni, kò sì jò rí.

Káfíńtà_Thames (9:05 alẹ́)

Èyí tí wọ́n fi fáíbà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ìjà. Ṣùgbọ́n pákó ń mí. Tó bá wọmi á wú, tó bá gbẹ á sún kì. Fáíbà ò mọ ìyẹn, á kàn dúró gbagidi. Tó o bá fi bo igi àtijọ́, láìpẹ́ àwọn méjèèjì á ya ara wọn, omi á wọ àárín wọn, kò ní ríbi jáde, igi á wá jẹrà sínú aṣọ tó o rò pé o fi dáàbò bò ó. Omi òjò ló sì burú jù, kì í ṣe omi òkun. Omi iyọ̀ kì í jẹ́ kí ohun tó ń mú igi jẹrà ráyè, àmọ́ omi òjò tó ń kán díẹ̀díẹ̀ láti òkè wọ kọ̀rọ̀ ló ń pa wọ́n. Èyí tó wà nílẹ̀ yìí, ìsàlẹ̀ ẹ̀ tó ti wà nínú omi láti ayébáyé le koko lọ́pọ̀ ibi, abẹ́ fèrèsé ẹ̀ lókè ni mo fi ìka tì tó wọlé ṣìn bíi fùfú.

Bí wọ́n ṣe ń kàn án nìyí fún ẹni tó bá fẹ́ mọ̀. Egungun ìhà ẹ̀, igi oak ni. A óò tì í bọ inú àpótí gbọọrọ kan tí ooru omi gbígbóná ń rú wọ̀, wákàtí kan fún íǹṣì kan ìnípọn ẹ̀. Tó bá jáde ó ti rọ̀, ẹni méjì á sáré gbé e wọnú ọkọ̀, á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara, kò sáyè ọ̀rọ̀ níbẹ̀ torí ká tó sọ pé ó dáa ó ti tutù, tó bá ti tutù ó parí. Lẹ́yìn náà ni pákó mahogany lórí ẹ̀, ìṣó bàbà, ẹnì kan á wà níta á máa lù ú, ẹnì kan á wà nínú á fi nǹkan tì í kó lè kọ orí. Ẹni inú yẹn lèmi. Tá a bá ṣe é tán a óò ki òwú sáàárín pákó sí pákó, a óò fi pọ́tì dí i lórí.

Ilàjẹ_Pọ́ńbélé (9:48 alẹ́)

Òwú! Ẹ̀gbọ́n ẹ ṣeun, ẹ rán mi létí ilé. Òwú àti ọ̀dà dúdú, òórùn yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé bàbá mi ti tibi iṣẹ́ dé.

Ayétòrò ni bàbá mi ti kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn. Fún ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n, 1947 ni àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ ìlú yẹn dó sétí òkun ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, wọ́n ń ṣiṣẹ́ pọ̀, àpò kan náà lowó gbogbo wọn wà, wọ́n sì níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ níṣẹ́. Bàbá mi ní tó o bá débẹ̀ nígbà náà wàá rò pé o ti dé ìlú òyìnbó. Òkun ti gbé púpọ̀ nínú ìlú náà lọ báyìí. Ibi tí bàbá mi ti gba iṣẹ́, omi ló wà níbẹ̀, mi ò sọ àsọdùn, ẹja ló ń gbé ibẹ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ pákó kẹfà, èmi wà lẹ́yìn òyìnbó yín. Bàbá mi kì í fi rúlà wọn nǹkan, ojú ni. Tí ọkọ̀ wọn bá ń bọ̀ lókèèrè àwọn tó mọ̀ wọ́n á ti mọ̀ nípa bí imú ẹ̀ ṣe yọ sókè. Kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tápá ọ̀tún ẹ̀ dọ́gba mọ́ tòsì délẹ̀. Tẹ́ ẹ bá "tún un ṣe" ẹ ti pa ojú bàbá tó kàn án rẹ́ nìyẹn.

Kòkàn_mí (9:55 alẹ́)

Àbí ojú kan ti ń fọ́ lọ lójú bàbá tó kàn án lọ́jọ́ náà ni, ìyẹn lẹ ń pè ní hẹ́rítéèjì 😂

Ìrókò tí wọ́n gé wá yẹn ńkọ́ sà, ṣé wọ́n bẹ olúwéré kó tó di pé wọ́n kó o wọ ṣíìpù? Ọjọ́ tí ọmọdé bá bú ìrókò kọ́ ni olúwéré ń jà o. Ẹ ṣọ́ra yín níbẹ̀.

Fọ́rẹ́sítà_Àná (Sọ́ńdè, 6:20 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ igbó ìjọba ní Òndó, oorun kì í sì í kún ojú mi mọ́, mo ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ.

Ìwọ Kòkàn_mí, má fi olúwéré ṣàwàdà, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú ìrókò fún ọ. Òkúta ló wà nínú ẹ̀. Igi yẹn máa ń kó nǹkan funfun bí ẹfun jọ sínú ara ẹ̀, nǹkan náà á le di òkúta gidi, nígbà míì ó ń tó orí ọmọdé, o ò sì ní rí i lóde. Ayùn á máa lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, lójijì iná á ṣẹ́ pàà, eyín ayùn ti lọ. Àwọn alágbàṣe wa máa ń sá ní tiwọn, wọ́n ní a ti dé yàrá onílé. Káfíńtà, tẹ́ ẹ bá ń fi ẹ̀rọ là á níbẹ̀ ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Kí o sì fi nǹkan bo imú, eruku ìrókò kì í ṣe eruku tí èèyàn ń fà símú, ó ń fa ikọ́, ó ń fa ara yíyún, mo mọ ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ torí ẹ̀.

Orúkọ igi yẹn, àwọn oníṣòwò gẹdú ló gbé e lọ. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń bá wọn gé e náà ni wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé, ìrókò, ọ̀pẹ̀pẹ̀, afàrà, gbogbo wọn wà nínú ìwé igi kárí ayé bẹ́ẹ̀. Ọ̀gànwó ní tirẹ̀ ò ríbi fi orúkọ ẹ̀ wọ̀ ọ́, mahogany ni wọ́n pè é, wọ́n á wá fi ibi tí wọ́n ti kó o kún un, Lagos mahogany, Benin mahogany. Sapele yàtọ̀ o, igi mìíràn ni, orúkọ ìlú tó wà ní Delta lónìí ni wọ́n fún un. Igi kan tún wà tí wọ́n ń pè ní agba, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi Fairey Marine ti Hamble níbẹ̀ yẹn lò ó dáadáa lẹ́yìn ogun kejì: wọ́n á là á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìwé, wọ́n á fi gúlù tò ó léra wọn lórí móòdù, wọ́n á wá tì í bọ inú ẹ̀rọ gbígbóná kan tó ń tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ọgbọ́n ọkọ̀ òfuurufú onígi ni, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Fairey ló sì bí wọn.

Lójú wa ni gẹdú fi ń gba orí omi lọ sí Èkó, wọ́n á dì wọ́n pọ̀ bí ẹní, èèyàn á jókòó lé e, á máa dáná lórí ẹ̀, ọjọ́ á gorí ọjọ́ kí wọ́n tó dé Òkobàbá.

Ohun kan ló dùn mí. Ìrókò kò ṣe é gbìn bí ẹ ṣe ń gbin àgbàdo. Kòkòrò kékeré kan wà tó ń mú kí ewé ọ̀dọ́ ẹ̀ wú kókó, ọmọ igi náà á kú. Gbogbo ìgbà tá a gbìyànjú láti gbìn ín lọ́pọ̀ pa pọ̀, kòkòrò yẹn ló jẹ ẹ́. Nítorí náà èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò gbìn ín. Má ṣe fi àgékù ẹ̀ ṣòfò jọ̀wọ́.

Káfíńtà_Thames (7:02 àárọ̀)

Bàbá ẹ ṣeun púpọ̀, mo dọ̀bálẹ̀. Àgékù tó ṣẹ́ kù ni mo ti kó pamọ́ láti àná, mo fẹ́ fi gbẹ́ ọwọ́ ìlẹ̀kùn yàrá inú ọkọ̀ náà.

Adé_Michigan (Sọ́ńdè, 4:17 ọ̀sán)

Ẹ jẹ́ kí n já sí i torí ọ̀rọ̀ yìí ni mo fi ń lo òpin ọ̀sẹ̀ mi, ó ti sú ìyàwó mi. Ibi tí mò ń gbé ò jìnnà sí Algonac, ìlú kékeré kan létí odò St. Clair. Ibẹ̀ ni Chris-Craft ti ṣẹ̀. Tí òyìnbó ibí bá sọ pé ọkọ̀ onígi, Chris-Craft ló wà lọ́kàn ẹ̀, bí ìgbà tí àwa bá ní Maggi tá a ní gbogbo oríṣi lọ́kàn.

Ẹni tó dá a sílẹ̀ ń jẹ́ Christopher Columbus Smith, 1861 ni wọ́n bí i, 1874 ló kan ọkọ̀ àkọ́kọ́, ọmọ ọdún mẹ́tàlá! Ọkọ̀ àwọn tó ń lọ pa pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá Gar Wood dé, ẹni tó rówó nídìí ẹ̀rọ tó ń gbé ẹ̀yìn tipà sókè, ó bá wọn da owó pọ̀, wọ́n ń kan ọkọ̀ ìsáré fún un, kí wọ́n tó pínyà. Ní 1922 Smith àtàwọn ọmọ ẹ̀ dá tiwọn sílẹ̀, nígbà tó yá ló di Chris-Craft. Gar Wood náà ò sùn, ní 1932 ó fi Miss America X sá eré 124.86 máìlì ní wákàtí kan lórí omi, ẹ́ńjìnnì Packard mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀, ara ọkọ̀ yẹn igi ni o. Mo máa ń ronú ẹ̀ tí mo bá wà lójú ọ̀nà marosẹ̀, mo ní ẹnì kan sá jù báyìí lọ lórí pákó.

Ohun tó mú mi dá sí i gan-an ni ọ̀rọ̀ "kò sí ìwé, kò sí dírọ́ọ̀ǹgì" tẹ́ ẹ sọ. Chris-Craft ní káàdì fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tó jáde, àwọn káàdì yẹn sì wà ní ilé mùsíọ́mù Mariners' ní Newport News, Virginia. Tó o bá ti ní nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ rẹ, wọ́n á bá ọ wá a jáde, irú ẹ́ńjìnnì tó gbé, ọjọ́ tó kúrò, ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Mo gba ti tèmi, 1956. Ọwọ́ mi gbọ̀n nígbà tí mo rí i. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, mo kà á síwá mo kà á sẹ́yìn, orúkọ káfíńtà kankan kò sí níbẹ̀. Wọ́n mọ àwọ̀ ọ̀dà, wọ́n mọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, ẹni tó fi ọwọ́ ẹ̀ kàn án pọ̀ kò sí.

Nígbà tí mo tú ìsàlẹ̀ ẹ̀, pákó ìpele méjì ni, kánfáásì wà láàárín, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Èmi náà pààrọ̀ gbogbo ìsàlẹ̀ yẹn. Mo rí ibi tí ẹnì kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi skúrù sí, ihò mẹ́ta tó wọ́, lẹ́yìn náà ihò tó tọ́ láti ibẹ̀ dé iwájú. Ọmọ iṣẹ́ ni, mo mọ̀. Ọ̀gá ti gbá a létí lẹ́yìn ihò kẹta. Mi ò wọ́ ihò tèmi, káfíńtà, èmi ò dà bí ọ̀gá yín, mo fi tó tọ́ sí i. Ọkọ̀ tó máa gbé ọmọ mi ni.

Àti pé ẹ má fi skúrù idẹ sísàlẹ̀ omi lásánkàsán. Nínú omi, pàápàá omi iyọ̀, síǹkì inú idẹ á ṣí lọ, ohun tó máa ṣẹ́ kù á pọ́n bíi bàbà ṣùgbọ́n á máa fọ́ bíi bísíkíìtì. Silicon bronze ni kẹ́ ẹ rà.

Mo_kàn_ń_bi_ni (4:30 ọ̀sán)

Ihò kẹta 😂😂 Ẹ̀gbọ́n Adé, kí ló wá pa iṣẹ́ yẹn, tó bá dáa tó báyẹn?

Adé_Michigan (4:52 ọ̀sán)

Fáníìṣì! Ọdọọdún ni o máa ha á tí o máa tún un kùn. Fáíbà dé, móòdù kan á máa bí ọkọ̀ bí ìyá ehoro, oníbàárà á kàn fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Lápá ìbẹ̀rẹ̀ 1970s Chris-Craft alára ti fi igi sílẹ̀. Àwọn káfíńtà lọ kan ilé.

Rẹ̀mí_Baltimore (Mọ́ńdè, 1:10 òru)

Mi ò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀ ìgbafẹ́ o, nọ́ọ̀sì ni mí, àmọ́ ọ̀rọ̀ òwú àti ọ̀rọ̀ káfíńtà tí kò lórúkọ yẹn ló mú mi kọ eléyìí lẹ́nu iṣẹ́ òru.

Frederick Douglass tí gbogbo wa mọ̀ yẹn, ẹrú tó wá di ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn dúdú ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ òwú kíkì sínú ọkọ̀ ló ń ṣe ní Baltimore níbí, ní Fells Point, kó tó sá lọ ní 1838. Owó tó bá gbà lọ́sẹ̀, ọ̀gá ẹ̀ ló ń gbà á torí ẹrú ni. Nígbà tó dé New Bedford tó ti di òmìnira, àwọn funfun tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà ní àwọn ò ní bá a ṣe é pọ̀. Ìyẹn nìkan kọ́, ní 1865 ní Baltimore àwọn òṣìṣẹ́ funfun daṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n lè lé àwọn dúdú kúrò ní àwọn yáàdì, wọ́n sì lé wọn. Isaac Myers, dúdú tóun náà ń ki òwú sọ́kọ̀, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ bá dá owó jọ, wọ́n dá yáàdì tiwọn sílẹ̀, Chesapeake Marine Railway and Dry Dock Company, ó sì ṣiṣẹ́ títí di 1884. Ibi ìrántí wọn wà létí omi níbí, mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá.

Lórí pákó kẹfà, mi ò lérò. Ṣùgbọ́n kí ẹ kọ orúkọ yín síbì kan, ẹ̀gbọ́n.

Àǹtí_Ramsgate (Mọ́ńdè, 9:33 àárọ̀)

Ó yà mí lẹ́nu pé ẹ sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ onígi England dé ibí tẹ́nikẹ́ni ò dárúkọ Dunkirk. 26 May sí 4 June 1940, nígbà ogun Hitler, ọmọ ogun 338,226 ni wọ́n kó kúrò níbẹ̀, létí òkun Faransé, àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ irú èyí tí káfíńtà ń sọ yìí sì wà lára ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ kéékèèké tó lọ. Ramsgate tí mò ń gbé yìí wà lára èbúté tí wọ́n gbà. Ọ̀kan nínú wọn ni Sundowner, ẹsẹ̀ bàtà 58, Charles Lightoller tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá (Second Officer) nínú Titanic ló wà á fúnra ẹ̀, òun àti ọmọ ẹ̀ ọkùnrin àti ọ̀dọ́kùnrin kan, wọ́n sì kó èèyàn tó lé ní 120 wá sílé. Ẹ rò ó wò, ọkọ̀ ìdílé.

Àwọn ọkọ̀ yẹn ní ẹgbẹ́ tiwọn, láti 1960s. Wọ́n máa ń padà lọ sí Dunkirk pọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ti pààrọ̀ pákó títí, ẹ́ńjìnnì ti yí padà, síbẹ̀ Dunkirk ni wọ́n ń pè é, ẹnì kankan ò bi wọ́n pé pákó wo ló lọ. Tèmi ni pé ọkọ̀ ni ibi tó ti dé.

Kòkàn_mí (9:50 àárọ̀)

Àǹtí ẹ kú ìtàn. Ó dáa, mo ti gbà pé kì í ṣe fáíbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n káfíńtà ẹ ò tíì sọ iye, èló ni oní nǹkan ń san?

Káfíńtà_Thames (Mọ́ńdè, 8:40 alẹ́)

Tí mo bá sọ ọ́ wàá ṣẹ́wọ́ fún mi láti Èkó kí n rán owó wá. Ó tó ra ilé ní Òndó, kó sì ṣẹ́ kù.

Mo ka gbogbo ẹ̀ fún ọ̀gá mi lẹ́nu tíì, mò ń túmọ̀ ẹ̀ fún wọn. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá bàbá Ilàjẹ ṣì ń kan ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ òkúta inú ìrókò, wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n fi àpá kan hàn mí lọ́wọ́. Wọ́n tún mú mi lọ wo Platt's Eyot ní Hampton, erékùṣù kékeré tí Thornycroft ti ń kan ọkọ̀ ogun akínkanjú onígi tó ń sáré nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́. Iná jó àwọn ilé iṣẹ́ àtijọ́ ibẹ̀ ní 2021. A dúró létí omi ní òdìkejì, ọ̀gá mi ò sọ̀rọ̀.

Àbọ̀ pákó kẹfà: mo kàn án bó ṣe wà. Kì í ṣe pé wọ́n borí mi o. Nígbà tí mo gbé pákó àtijọ́ lé tuntun láti fi fa ìlà, mo rí i pé kì í ṣe àṣìṣe. Kókó igi ńlá kan wà lára pákó karùn-ún lápá òsì, ẹni yẹn gé e kúrò, karùn-ún bá dín, ó wá fi kẹfà gbà á. Ó ń ṣọ́ igi ni. Bí ọ̀gá mi ní Òndó ṣe máa ń ṣe gan-an nígbà tí pákó bá wọ́n. Karùn-ún yẹn ṣì dáa, a ò yọ ọ́, tí mo bá sọ kẹfà di déédéé, àlàfo ni ì bá wà láàárín wọn. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi bá òkú jà lórí ohun tí mi ò wò dáadáa.

Ilàjẹ_Pọ́ńbélé (9:15 alẹ́)

😂😂 Bàbá mi ní kí n kí i yín. Wọ́n ní àwọn ò kàn mọ́, ẹ̀yìn dídùn ni. Wọ́n tún ní kí n bi yín: ọkọ̀ yẹn ti pẹ́ lórí ilẹ̀ tó? Wọ́n ní ẹ má jẹ́ kí onínǹkan wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ sómi.

Káfíńtà_Thames (Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Fúráìdè, 11:26 alẹ́)

Bàbá Ilàjẹ wòlíì ni. Oṣù mẹ́rìnlá ló fi wà lórí ilẹ̀. A sọ ọ́ sómi láago mẹ́ta ọ̀sán, onínǹkan wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ ẹ̀ àti kéèkì. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá omi ti ń wọlé láti gbogbo ojú pákó bí ìgbà tí wọ́n bá da omi sínú asẹ́. Ìyá tó ni ọkọ̀ náà fọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá mi ń jẹ kéèkì ní tiwọn. Wọ́n ní igi ò tíì mumi ni, pé ká fi okùn kréènì sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀ kó má baà rì, ká tan pọ́ọ̀mpù méjì, kí gbogbo èèyàn lọ sùn. Èmi ni wọ́n ní kí n ṣọ́ ọ.

Ilàjẹ_Pọ́ńbélé (11:31 alẹ́)

Bàbá mi ń rẹ́rìn-ín o. Wọ́n ní àwọn máa ń ri tiwọn sómi pátá fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á tún gbé òkúta lé e. Ẹ jẹ́ kó mu yó.

Káfíńtà_Thames (Sátidé, 1:58 òru)

Pọ́ọ̀mpù kejì ti ń sinmi, ó ń ṣiṣẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Òtútù fẹ́ pa mí.

Rẹ̀mí_Baltimore (2:20 òru)

Èmi náà wà lójúfò níbí. Pákó kẹfà ńkọ́?

Káfíńtà_Thames (2:24 òru)

Gbígbẹ ni. Ibi tó ń jò jù ni abẹ́ pákó kẹtàlá lápá ọ̀tún, tèmi náà ni.

Káfíńtà_Thames (4:11 ìdájí)

Méjèèjì ti dákẹ́. Mo ti dúró fún ogójì ìṣẹ́jú, kò sóhùn kankan. Mo fẹ́ lọ jẹ ìyókù kéèkì yẹn.